Ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà ní Moody

Ìdálẹ́kọ̀ọ́ ní Moody ni ẹ̀kọ́ tí àwọn awakọ̀ àti mẹ́káníìkì ilé iṣẹ́ ológun òfurufú Nàìjíríà gbà lórí bàálù ogun A-29 Super Tucano ní ibùdó Moody, lẹ́bàá ìlú Valdosta ní ìpínlẹ̀ Georgia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ènìyàn 64 ni wọ́n kọ́, àti awakọ̀ àti oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀ka kan nínú ilé iṣẹ́ ológun òfurufú Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní 81st Fighter Squadron, ló kọ́ wọn. Ẹ̀ka yìí kan náà ló kọ́ àwọn awakọ̀ Afghanistan lórí irú bàálù yìí, bẹ̀rẹ̀ láti 2015. Kainji ni àwọn bàálù náà fi ṣe ilé nígbà tí wọ́n dé. Agbègbè Borgu, tí Kainji wà nínú rẹ̀, wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Kwara títí di 1991 tí ìjọba gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ Niger.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé Moody

Kí òfin tó dá ilé iṣẹ́ ológun òfurufú Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọjọ́ 18, oṣù kẹrin, ọdún 1964, àwọn ọ̀dọ́ àkọ́kọ́ ti wà ní Ethiopia, Canada àti Íńdíà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ náà. Àwọn ará Jámánì ló bá Nàìjíríà gbé ilé iṣẹ́ náà dìde, kódà ọmọ Jámánì kan, Gerhard Kahtz, ni ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀. Láti ìgbà náà, ibi tí bàálù bá ti wá ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ náà ti máa ń wá. Ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì ogun MiG wá láti Soviet nígbà ogun abẹ́lé, jẹ́ẹ̀tì ogun Jaguar wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, G222 akẹ́rù tó fi Ìlọrin ṣe ibùdó sì wá láti Ítálì.

A-29 méjìlá ni Nàìjíríà rà, iye rẹ̀ sì sún mọ́ mílíọ̀nù 500 dọ́là. Ilé iṣẹ́ Sierra Nevada àti Embraer ló ṣe wọ́n ní Jacksonville, ní Florida, tí kò ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ sí Valdosta bí ènìyàn bá wọ mọ́tò. Ẹni tó bá rí fáànù tó wà níwájú rẹ̀ lè rò pé bàálù àtijọ́ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bàálù tó lè rọra fò, tó lè pẹ́ lókè lórí epo díẹ̀, tó sì ní ojú tó ń ríran lóru, wúlò lórí igbó ju ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì tó ń sáré kọjá lọ. Ènìyàn méjì ló ń jókòó nínú rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ìbọn wà nínú apá kọ̀ọ̀kan, ibi márùn-ún sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n lè so bọ́ǹbù tàbí rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́.

Ọ̀nà tí ọmọ Kwara lè gbà débẹ̀

Kò sí ẹni tó ń ti Ọ̀ffà tàbí Ọ̀mù-Àrán lọ tààrà sí irú ibùdó bẹ́ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Kàdúná, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NDA, ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń gbà wọlé. Àwọn tó ti jáde ní yunifásítì ní ọ̀nà tiwọn, àwọn tó sì fẹ́ ṣe mẹ́káníìkì lè wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun lásán. Awakọ̀ á kọ́kọ́ lo bàálù kékeré bíi Super Mushshak tó wá láti Pakistan, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì ìdálẹ́kọ̀ọ́ bíi L-39 ní Kánò tàbí Alpha Jet ní Kainji. Kí a má da èyí pọ̀ mọ́ International Aviation College tó wà ní pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin o: ilé ẹ̀kọ́ alágbádá nìyẹn.

Bí ọjọ́ kan ṣe ń lọ

Ohun tó máa ń ya ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ náà lẹ́nu ni bí àkókò tí awakọ̀ ń lò lójú ọ̀run ṣe kéré tó. Ó lè má ju wákàtí kan àbọ̀ lọ, síbẹ̀ iṣẹ́ tó yí i ká lè gba ọjọ́ náà tán. Oorun pàápàá ní òfin: awakọ̀ gbọ́dọ̀ ní wákàtí méjìlá ìsinmi kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́, kí ó sì ráyè sun wákàtí mẹ́jọ nínú rẹ̀.

Láàárọ̀, wọ́n á sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí, ipò tí ojú ọ̀nà bàálù wà, àti ẹni tó ń bá ta ni fò. Olùkọ́ á wá ju ìṣòro kan sílẹ̀, bíi kí ẹ́ńjìnnì kú ní kété tí bàálù gbéra. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá nàka sí á dìde, á sì ka ohun tó yẹ ní ṣíṣe láìfi kún un, láìyọ níbẹ̀. Orí ni wọ́n ń kọ́ ọ sí, bí ọmọ ilé kéú Ìlọrin ṣe ń kọ́ wàláà. Ẹni tó bá ṣì í lè má fò lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni awakọ̀ á lọ wọ aṣọ. Ó ní sòkòtò kan tí atẹ́gùn ń kún inú rẹ̀, tí yóò fún itan àti ikùn mọ́ra nígbà tí bàálù bá yí bìrí. Ìdí rẹ̀ ni pé bí bàálù bá yí kíkankíkan, ara á wúwo ju bó ṣe wà lọ: ní ìlọ́po márùn-ún, ẹni tó wọn kílò 70 á máa rí i bíi kílò 350. Ẹ̀jẹ̀ á sá kúrò lórí lọ sí ẹsẹ̀, ojú á ṣú, ènìyàn sì lè dákú. Sòkòtò náà nìkan kò tó. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ mú ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ̀ le, kí ó sì máa fi ìwọ̀n mí. Ẹni tí kò mu omi tó ni ìdákú yìí máa ń tètè mú.

Kó tó gun bàálù, ó gbọ́dọ̀ yí i po lẹ́ẹ̀kan, kí ó fọwọ́ kan táyà, kí ó wo ibi tí epo lè máa jò, kí ó rí i pé wọ́n ti yọ gbogbo píìnì tó ní rìbọ́ọ̀nù pupa. Pápá Grand Bay, tó wà nítòsí Moody, ni wọ́n ti ń ju bọ́ǹbù ìdánrawò tí kì í bú. Ìgbà tí kò yẹ kí ènìyàn jù ú náà jẹ́ ara ẹ̀kọ́: òfin ogun àti bí a ṣe ń dáàbò bo ará ìlú wà nínú ohun tí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà.

Ibi tó le jù ni àtúpalẹ̀ lẹ́yìn ìwakọ̀, tó sábà máa ń gùn ju ìwakọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Wọ́n á tún fídíò àti ohùn rédíò gbọ́, wọ́n á sì máa bi ara wọn ohun tó fà á tí nǹkan fi rí bó ṣe rí. Nínú yàrá yìí, àṣà àwọn ará Amẹ́ríkà ni pé ipò ń dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọdé lè tọ́ka àṣìṣe àgbà, ẹnikẹ́ni kì í bínú. Ẹni tí wọ́n tọ́ ní ilé Yorùbá, tí wọ́n ti kọ́ pé a kì í sọ lójú àgbà pé ó ṣì í, ní láti kọ́ èyí bó ṣe ń kọ́ ìwakọ̀. Àǹfààní rẹ̀ hàn gbangba: àṣìṣe tí a bò mọ́lẹ̀ lónìí lè pa ènìyàn méjì lọ́la.

Àwọn mẹ́káníìkì

Àwọn awakọ̀ ni wọ́n ń ya ní fọ́tò, ṣùgbọ́n láìsí àwọn tó ń tún bàálù ṣe, kò sí ẹni tó ń fò. Iṣẹ́ tiwọn kò fàyè gba kí ènìyàn ní òun ti mọ̀ ọ́n lórí. Bó ti wù kí mẹ́káníìkì ti tú nǹkan kan tó, ó gbọ́dọ̀ ṣí ìwé ìlànà sí ojú ewé rẹ̀, kí ó tẹ̀ lé e, kí ó sì buwọ́ lùwé pé òun ló ṣe é.

Nínú àpótí irinṣẹ́, wọ́n gé fóòmù ní ìrísí sípánà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ṣófo nígbà tí wọ́n fẹ́ ti àpótí, bàálù tí wọ́n ṣiṣẹ́ lé kò gbọdọ̀ gbéra títí wọn á fi rí i, nítorí irinṣẹ́ tó bá há sínú ẹ̀rọ lè já bàálù lulẹ̀. Nítorí ohun kan náà ni wọ́n fi máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ káàkiri pápá, tí wọ́n á máa bẹ̀rẹ̀ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ àti ìdè kéékèèké.

Lẹ́yìn iṣẹ́

Àsìkò àrùn kòrónà ni ẹ̀kọ́ náà bọ́ sí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀, oòrùn Georgia kò lè fi bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí ará Kwara, torí ooru àti ọ̀rinrin ibẹ̀ pọ̀. Aago ló ń dàrú. Nàìjíríà fi wákàtí márùn-ún ṣáájú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀, mẹ́fà nígbà òtútù. Bí àwọn ará Ìlọrin bá ń kírun ìṣáà, ọ̀sán ni lọ́dọ̀ awakọ̀, ó sì lè wà nínú àtúpalẹ̀.

Ìpadàbọ̀

Bàálù mẹ́fà àkọ́kọ́ gba Canada, Greenland, Iceland, Spain àti Algeria kọjá kí wọ́n tó balẹ̀ sí Kánò ní ọjọ́ 22, oṣù keje, ọdún 2021. Ayẹyẹ ìgbàwọlé wáyé ní Àbújá ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ. Mẹ́fà tó kù dé kí ọdún náà tó parí. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 36 dọ́là ni wọ́n ná sórí iṣẹ́ ìkọ́lé ní Kainji: òrùlé tí yóò ṣíji bo bàálù, ilé ìkó ohun ìjà, iná ojú ọ̀nà bàálù, àti ilé tí wọ́n ti ń fi simulator, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣe bíi bàálù láìgbéra, kọ́ awakọ̀.