Ooru mú l'Abẹ́òkúta: kí la fẹ́ jẹ, kí la fẹ́ mu, kí ló yẹ ká dà nù?

Àbúrò mi tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù pè mí lóṣù Keje. Ó ní ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn, kí èmi náà rọra máa jẹun, kí n sì máa mu omi dáadáa. Súwẹ́tà ló wà lọ́rùn mi nílé wa n'Ítòkú lákòókò yẹn, òjò sì ti ń lu páànù láti ìdájí. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù Kejì dé, tí gbogbo wa ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn ará ilé àti aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè, torí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ oúnjẹ ni mo kọ́ níléèwé. Díẹ̀ nínú wọn rèé.

Ṣé ìgbà kan náà kọ́ ni ooru ń mú àwa àtàwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ni?

Rárá o. Oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ni tiwọn, ó sì lè le: lọ́jọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2022, ooru kọjá 40°C nílùú Ọba, irú èyí tí wọn ò rí rí. Lákòókò yẹn, òjò ló ń pa àwa. Tiwa ni ìgbà tí ọyẹ́ ti lọ tí òjò ò tíì fìdí múlẹ̀, láti oṣù Kejì títí wọ oṣù Kẹrin, tí ooru ọ̀sán máa ń tó 35°C. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, àtàrí wa gan-an loòrùn ń gbà kọjá. Ó tún ń padà gba ibẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, àmọ́ ìkùukùu òjò kì í jẹ́ ká mọ̀ ọ́n lára. Ẹ wá fi ti àpáta kún un. Abẹ́ Olúmọ la wà. Àpáta á fa ooru mu lọ́sàn-án, á sì máa tú u sílẹ̀ fún wa lóru.

Kí ló dé tí oúnjẹ kì í wù mí í jẹ lọ́sàn-án?

Ara yín ló gbọ́n. Iṣẹ́ ni kí oúnjẹ dà nínú, iṣẹ́ náà sì ń mú ooru wá. Ti oúnjẹ amúaradàgbà bí ẹran, ẹja àti ẹ̀wà ló pọ̀ jù: ara lè ná ìdá márùn-ún kan nínú agbára tó wà nínú èròjà amúaradàgbà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó lè lò ó. Nígbà tí ìta bá ti gbóná, ara ò fẹ́ dá iná mìíràn sínú. Ẹ má wulẹ̀ fipá jẹ. Ẹ gbé oúnjẹ tó wúwo sí àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́, kí ọ̀sán jẹ́ ti ẹ̀kọ tútù pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín díẹ̀, tàbí ti èso.

Àwọn kan á ní ká fi láfún sílẹ̀ títí òjò á fi dé. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Ẹ̀gbá ń fẹnu ara ẹ̀ ṣòfò ni. Láfún ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Òkèlè tó tóbi jù ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ dín in kù, kí ewédú pọ̀ lórí rẹ̀. Omi ló pọ̀ jù nínú ewédú, ó sì rọrùn láti gbé mì lọ́jọ́ tí ọ̀nà ọ̀fun bá gbẹ.

Ìyá mi ní ata gidi ló ń mú ara tutù. Àbí ìfẹ́ ọ̀fadà ló ń sọ̀rọ̀?

Ìfẹ́ ọ̀fadà wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n màmá ò purọ́. Ohun tó ń jó wa lẹ́nu nínú ata kò gbóná. Ẹ fọwọ́ kan ata rodo tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, tútù ni. Ilẹ̀kùn tín-tìn-tín kan wà lára iṣan ìmọ̀lára wa tó máa ń ṣí nígbà tí nǹkan gbígbóná bá kàn wá. Ata máa ń ṣí ilẹ̀kùn kan náà láìjẹ́ pé iná kankan wà níbẹ̀. David Julius, tó wádìí ọ̀rọ̀ yìí jáde, wà lára àwọn méjì tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn lọ́dún 2021. Ara á wá rò pé òun ń jóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Bí òógùn náà ṣe ń gbẹ ló ń gbé ooru lọ.

Àmọ́ ó ní láti gbẹ o. Lóṣù Kejì tí afẹ́fẹ́ ṣì gbẹ díẹ̀, ọbẹ̀ ayamáṣe lè tu èèyàn lára. Tó bá di ìparí oṣù Kẹta, tí òjò ń ṣú láìrọ̀, tí aṣọ lẹ̀ mọ́ wa lẹ́yìn, òógùn á kàn máa ṣàn lọ sílẹ̀ ni. Omi ara ti lọ, ìtura ò dé. Ẹni tó bá sì ní ọgbẹ́ inú, kó má bá màmá dán an wò rárá.

Mo gbé ìrẹsì àná kaná títí ó fi ń rú èéfín. Kí ló wá dé tí mo tún fi ń bì?

Ó yẹ kí n ti fi ìbéèrè yìí ṣáájú. Lójú tèmi, bí oúnjẹ ṣe pẹ́ nílẹ̀ tó ló léwu nígbà ooru ju irú oúnjẹ tó jẹ́ lọ.

Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń jẹ́ Bacillus cereus. Inú ilẹ̀ oko ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń bá ìrẹsì wálé. Ó máa ń ní irúgbìn tí èèpo rẹ̀ le bí ti èkùrọ́, tí iná ìdáná kì í pa. Bí ìrẹsì bá jinná tán tí a gbé e sílẹ̀ nínú ooru, irúgbìn yẹn á hù, kòkòrò á máa bí sí i, á sì máa tu májèlé sínú oúnjẹ. Iná ọjọ́ kejì á pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kò rí májèlé náà ṣe. Ìdí nìyẹn tí ìrẹsì fi ń rú èéfín tí ẹni tó jẹ ẹ́ sì ń bì kí wákàtí mélòó kan tó kọjá. Kò pọn dandan kó kan, kò sì pọn dandan kó rùn.

Kí oúnjẹ sísè má ṣe kọjá wákàtí méjì nílẹ̀. Tí ooru bá ti kọjá 32°C, wákàtí kan péré ni. Ẹ wá wo ìrẹsì òde ìyàwó ọjọ́ Sátidé: àárọ̀ ni wọ́n sè é, agogo méjì ni wọ́n bù ú sínú ike, ike wọ nálọ́ọ̀nù, nálọ́ọ̀nù wọ búùtù ọkọ̀, ọkọ̀ há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Láfẹ́nwá. Ilẹ̀ ti ṣú kí ẹni tí wọ́n gbé e wá fún tó ṣí i. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni. Ẹ dà á nù.

Èyí tí ẹ bá fẹ́ fi pamọ́, ẹ tẹ́ ẹ sínú abọ́ pẹrẹsẹ kó lè tètè tutù, kí ẹ tó gbé e sínú fíríìjì. Tí iná bá lọ, fíríìjì tí a ò ṣí lè pa òtútù mọ́ fún bíi wákàtí mẹ́rin. Ẹni tó ń ṣí i wò bóyá omi ṣì tutù ló ń ba ti gbogbo ilé jẹ́. Ọbẹ̀ tí àwọn ìyá wa ń gbé kaná láàárọ̀ lálẹ́ ńkọ́? Ó dáa, tó bá jẹ́ pé wọ́n gbé e kaná kí kòkòrò tó ráyè. Ara máa ń balẹ̀ díẹ̀ sí i lórí ògì, torí kíkan rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò burúkú rí ibẹ̀ gbé. Ẹni tó kọ́kọ́ rẹ àgbàdo sómi títí ó fi kan kò ní fíríìjì, ṣùgbọ́n ó lọ́gbọ́n lórí.

Mínírà tútù ńkọ́?

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ní bíi 10 gíráàmù ṣúgà nínú 100 mílílítà. Ìgò 50cl á ti ní tó ṣíbí tíì méjìlá. Ẹ gbìyànjú kí ẹ da méjìlá sínú omi mímu yín lójú ara yín. Sóbò sàn tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ sè é, tí ẹ mọ ṣúgà tó wọ inú rẹ̀. Kí ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bi dókítà rẹ̀ ná, torí sóbò náà lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Omi lásán ló ṣíwájú gbogbo wọn. Tí ìtọ̀ yín bá pọ́n bíi tíì, ẹ ò tíì mu tó.

Tí ìgbẹ́ gbuuru bá ti dé, omi lásán ò tó mọ́. Ẹ po lítà omi mímọ́ kan pọ̀ mọ́ ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ẹ gé e dọ́gba létí ṣíbí. Kí iyọ̀ má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Máńgòrò tó pọ́n dẹ́dẹ́ lọ́jà Kútọ̀, ṣé káàbáìdì kọ́?

Ó lè jẹ́ òun. Òkúta tí àwọn wẹ́dà ń lò ni. Bó bá ti kan omi, á tú atẹ́gùn kan jáde tó ń fipá mú èso pọ́n. NAFDAC ti ń kìlọ̀ rẹ̀ tipẹ́, torí májèlé àsẹ́níìkì máa ń wà lára rẹ̀. Èyí tí ara rẹ̀ pọ́n dọ́gba-dọ́gba tí inú rẹ̀ le tí kò sì dùn, ẹ fura sí i. Èmi máa ń ra èyí tó ṣì le, mo máa ń wé e pọ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n nínú bébà, atẹ́gùn ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ á sì bá mi ṣe iṣẹ́ náà. Bàrà pupa tí wọ́n ti gé sílẹ̀ fún eṣinṣin, ẹ kọjá lára rẹ̀. Ẹ ra odindi, kí ẹ fọ èèpo rẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kàn án.

Ọmọ oṣù mẹ́ta ńkọ́? Ìyá bàbá rẹ̀ ní òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ká fún un lómi.

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún màmá, rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní títí ọmọ á fi pé oṣù mẹ́fà, ọmú ìyá nìkan tó o, ooru ìbáà mú. Bíi 88 nínú ọgọ́rùn-ún wàrà ọmú ló jẹ́ omi. Omi tí a bá dà lé e á gba àyè wàrà nínú ikùn kékeré yẹn, ó sì lè gbé ìgbẹ́ gbuuru wọlé. Ẹ jẹ́ kó máa mu ọmú léraléra, àti lóru. Màmá gan-an ló yẹ ká máa ṣọ́, torí bí èèyàn bá ti ń dàgbà, omi ara á máa lọ láìjẹ́ pé òùngbẹ tètè gbẹ ẹ́. Ife omi tí wọ́n fẹ́ fún ọmọ, ẹ gbé e fún màmá, kí ẹ jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi mu ún tán.