Ìjà imú àti ìdí nínú bàálù bébà

Bí wọ́n ṣe ń ká bàálù bébà, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi gan-an mọ̀ ọ́n, ká fo ibẹ̀ yẹn. Ohun tí ò yé ọ̀pọ̀ gúrúùpù tí tíṣà físíìsì bá gbé pírójẹ́ẹ̀tì yìí fún ni ìdí tí wọ́n fi ń ká bébà ọ̀hún rárá. Ẹ bi wọ́n wò, wọ́n á ní kí imú ẹ̀ lè mú ni, kó lè máa gún atẹ́gùn lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí èèyàn nínú. Tó bá jẹ́ pé imú mímú ló ń fò ni, abẹ́rẹ́ ì bá ti dé òṣùpá.

Ẹ mú bébà A4 tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tókọ́pì, èyí tí wọ́n ń pè ní giramu 80. Giramu 80 yẹn, ìwúwo bébà tó fẹ̀ tó míta kan lóòró, míta kan níbùú ni, fífẹ̀ ẹ̀ sì tó ti A4 mẹ́rìndínlógún, torí náà ẹyọ kan jẹ́ giramu 5. Giramu 5 yẹn tẹ́ káàkiri ojú bébà dọ́gbadọ́gba, ìyẹn ni pé àárín gbùngbùn ni ìwúwo ẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n tí nǹkan pẹlẹbẹ bá ń lọ nínú atẹ́gùn, tí imú ẹ̀ gbéra díẹ̀, atẹ́gùn ò ní gbé e láti àárín o, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin láti iwájú ló ti máa gbé e. Ibi tí wọ́n ti ń gbé e wà níwájú, ibi tó ti wúwo wà lẹ́yìn, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Imú á fò sókè, bébà á dojú dé, á máa tàkìtì títí á fi balẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó gun àga, kó ju bébà tí wọn ò ká sílẹ̀.

Ohun tí kíká wà fún nìyẹn. Wọn ò fi nǹkan kan kún un, wọn ò yọ nǹkan kan níbẹ̀, giramu 5 náà ló ṣì jẹ́, wọ́n kàn kó ìwúwo kúrò lẹ́yìn lọ síwájú ni. Gbogbo ìṣẹ́po tó ki pọ̀ sí imú yẹn, ẹrù ni. Tó bá wá mú lẹ́yìn ìyẹn, ó mú fún ara ẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí imú bá ti wúwo tán, tí wọn ò ṣe nǹkan míì, bàálù á kàn forí sọlẹ̀ ni. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Etí apá lẹ́yìn, ibi tó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, wọ́n á fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ sókè díẹ̀, bíi mìlímítà kan. Bí atẹ́gùn ṣe ń kọjá lórí ibi tí wọ́n tẹ̀ yẹn, á máa ti ìdí bàálù wálẹ̀, imú á sì máa gòkè. Imú ń fà á lọ sílẹ̀, ìdí ń gbé imú ọ̀hún padà, ìjà dé nìyẹn.

Ẹ fi wé ilé tí ọkọ ń gba owó oṣù, tí ìyàwó ń tajà. Ìwúwo imú ni owó oṣù: ọjà yá o, ọjà ò yá o, iye kan náà ló ń wọlé. Ìdí tí wọ́n tẹ̀ sókè ni ọjà títà, eré tí bàálù ń sá ló sì ń pinnu bí ọjà ṣe máa yá. Tí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára ìdí á di ìlọ́po mẹ́rin, irú èrè tẹ́nì kan ò rí rí ní ọjà Bódìjà. Tí ọjà bá wá yá bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyàwó ló máa lékè nínú ilé, imú á gòkè. Bó ṣe ń gun òkè ni eré ẹ̀ ń dínkù, ọjà kú, ó ku owó oṣù nìkan, imú á tún tẹ̀ wálẹ̀, bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ eré á padà, ọjà á tún bẹ̀rẹ̀ sí yá, ìyàwó á tún... ẹ jẹ́ ká fi tọkọtaya yẹn sílẹ̀, ó ti fẹ́ di ọ̀rọ̀ ẹbí. Kókó ibẹ̀ ni pé eré kan ṣoṣo ló wà tí àwọn méjèèjì ti máa gbà fúnra wọn, bàálù fúnra ẹ̀ ló sì máa wá eré yẹn kàn, láìsí awakọ̀, láìsí bátìrì. Pẹ̀lú giramu 5! Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń fi owó ńlá rà lọ.

Gbogbo àìsàn bàálù bébà, inú ìjà yìí náà ló ti ń jáde. Tó bá ń forí sọlẹ̀, wọ́n á tẹ ìdí sókè sí i. Tó bá ń gòkè, tó dúró gbọin lókè, tó já bọ́, tó tún gòkè, ìdí ti pọ̀ jù nìyẹn, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀. Àbí kó jẹ́ ẹni tó jù ú ló ju agbára sí i. Àwọn méjèèjì jọra lójú bí ìbejì, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ gúrúùpù ti ń ba bàálù tó dáa jẹ́, wọ́n á máa tẹ̀, wọ́n á máa tú, nígbà tó jẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń jù ú ló le. Kí wọ́n kọ́kọ́ rọra jù ú, bí ẹni ń tì í kúrò lọ́wọ́ lásán, tó bá lọ geere, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìdí ẹ̀ mọ́. Tó bá ń yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, ìyẹn rọrùn, apá kan ti ga ju èkejì lọ ni tàbí ó ti wọ́.

Ti gúrúùpù ńkọ́? Ìṣòro wọn ni pé ọwọ́ márùn-ún ló ń tẹ bàálù kan. Eléyìí tẹ ìdí, tọ̀hún fi klíìpù sí imú, ó wá fò dáadáa, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n jù ú bí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹnì kan máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n sì pín iṣẹ́. Bàálù Suzanne tó lọ míta 69.14 ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2012, John Collins ló ṣe é, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló jù ú, Joe Ayoob ni, ẹni tó ti jẹ́ quarterback, ìyẹn ẹni tó máa ń ju bọ́ọ̀lù, nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, èèyàn mẹ́ta, Dillon Ruble, Garrett Jensen àti Nathaniel Erickson, fi bàálù tiwọn dé míta 88.318, Ruble ló jù ú.

Ibi tí pírójẹ́ẹ̀tì yìí ti máa ń wọ́ ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún wọn ní máàkì. Wọ́n á ní ẹni tí tiẹ̀ bá lọ jìnnà jù ló gbégbá orókè, ọmọ tí apá ẹ̀ le jù ni wọ́n fún ní máàkì yẹn. Tó bá jẹ́ bàálù ni wọ́n fẹ́ dán wò, kí wọ́n rọra tì í láti ibi gíga kan, kí wọ́n fi ìga yẹn pín ibi tó lọ jìnnà dé. Èyí tó sọ̀ láti míta 2, tó lọ míta 10, ó ń lọ míta 5 fún míta kọ̀ọ̀kan tó sọ̀ wálẹ̀. Gbogbo gúrúùpù á wá wà lórí ìlà kan náà.

Ohun tó kù ni pé bébà máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Lásìkò òjò, ìdí tí wọ́n tẹ̀ lánàá lè ti rọ̀ kó tó di àárọ̀, bàálù tó lọ geere lánàá á wá forí sọlẹ̀ níwájú tíṣà, torí náà kí wọ́n jù ú wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n tún ìdí ẹ̀ tẹ̀, kó tó kan gúrúùpù wọn.