Odò Tó Ń Gba Abẹ́ Ìlú Kọjá: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Pokhara, Ìlú Etí Adágún Lẹ́sẹ̀ Òkè Himalaya

Pokhara jẹ́ ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Nepal, ní nǹkan bí 200 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn Kathmandu tí í ṣe olú-ìlú. Etí adágún omi Phewa ni ó wà, àwọn òkè Annapurna sì dúró gbagidi ní àríwá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò ni í ya àwòrán òkè àti omi níbẹ̀, tí í sì padà sílé láìmọ̀ pé adágún, ihò àpáta, odò àti afẹ́fẹ́ tó ń gbé ènìyàn fò níbẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn òkè náà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá. Àwọn ìbéèrè tó tẹ̀ lé èyí ni ó máa ń rú ènìyàn lójú jù lọ nípa ìlú náà, mo sì gbà pé ẹni tó bá mọ ìdáhùn wọn kí ó tó gbéra yóò gbádùn ìrìn-àjò rẹ̀ ní ìlọ́po méjì.

Ìbéèrè: Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn ń so ní Pokhara, oko ìrẹsì sì yí i ká. Báwo ni yìnyín ṣe wá bo orí òkè tó sún mọ́ ìlú náà tó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Gíga òkè ni ó fà á. Ìlú náà kò fi ju nǹkan bí 800 mítà lọ ga ju ìtẹ́jú òkun, bẹ́ẹ̀ Machapuchare, òkè ṣóńṣó tí ẹ ó rí láti etí adágún, ga tó 6,993 mítà, kò sì ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ sí ìlú. Bí ènìyàn bá ń gun òkè, ooru ń fi nǹkan bí dígírì 6 àti ààbọ̀ dín kù fún 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, lọ́sàn-án ọjọ́ tí ooru bá jẹ́ dígírì 25 níbi tí ẹ jókòó sí létí omi, ó ṣeé ṣe kí orí òkè tí ẹ ń wò ti fi dígírì 15 tutù ju ibi tí omi ti ń dì lọ.

Ibi díẹ̀ ni ó wà láyé tí ilẹ̀ ti ga sókè lójijì tó báyìí, òjò sì ń fi í hàn. Ìkùukùu tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti Òkun Bengal kì í rí òkè gíga kankan tí yóò dá a dúró ní gúúsù Pokhara. Àfi ìgbà tó bá kọlu Annapurna. Ìdí nìyí tí Lumle, abúlé kan tí kò jìnnà sí Pokhara, fi ń rí òjò tó lé ní 5,000 mílímítà lọ́dún, nígbà tí ìlú Jomsom tó wà lẹ́yìn òkè kan náà kì í rí tó 300 mílímítà.

Ìbéèrè: Wọ́n ní odò Seti Gandaki la àárín ìlú kọjá, síbẹ̀ ènìyàn lè lo ọjọ́ mẹ́ta ní Pokhara láìfojú kàn án. Ibo ni odò ọ̀hún wà?

Ìdáhùn: Abẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ará ìlú ni ó wà. Odò náà ti gbẹ́ ilẹ̀ wọlé lọ, ó di ọ̀gbun tóóró tó jìn gan-an, tí ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀ ju mítà mélòó kan lọ ní àwọn ibì kan, tó fi jẹ́ pé ilé, ọjà àti ọ̀nà mọ́tò wà ní ìhà méjèèjì láìsí ohun tí yóò sọ fún àjèjì pé omi wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ dúró lórí afárá, bíi Mahendra Pul tàbí K. I. Singh Pul, kí ó sì bẹ ìsàlẹ̀ wò. Etí yóò gbọ́ híhó omi kí ojú tó rí i. Omi náà funfun bí omi ògì, ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ gan-an sì ni “funfun”. Ìyẹ̀fun òkúta ẹfun tó ń wọ́ bọ̀ láti orí òkè ni ó pa á láró bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí odò fi lè gbẹ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ Pokhara lé kì í ṣe àpáta ìpìlẹ̀. Àwókù òkè ni. Láàárín ọ̀rúndún 12 sí 14, òkúta, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ya bọ̀ láti orí Annapurna, wọ́n sì kún àfonífojì náà bámúbámú. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2016 so ìṣẹ̀lẹ̀ náà mọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá mẹ́ta, ní nǹkan bí ọdún 1100, 1255 àti 1344. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2023 sọ pé ní nǹkan bí ọdún 1190, ṣóńṣó orí Annapurna Kẹrin, tó ṣeé ṣe kó ti ga ju 8,000 mítà lọ nígbà náà, ya lulẹ̀ lódidi. Lónìí, 7,525 mítà ni òkè náà. Bí a bá kó òkúta tó ya lulẹ̀ lọ́jọ́ náà jọ sójú kan, òkìtì rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 3 ní òró, ní ìbú àti ní gíga. Lójú tèmi, ìwádìí méjèèjì kò pa ara wọn run, nítorí òkè tó ti sán lára lè ya lẹ́ẹ̀kan, kí ìmìtìtì ilẹ̀ sì tún máa wó èyí tó kù. Ẹ̀rí rẹ̀ wà láàárín ìlú fún ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án: òkúta ràgàjì kan tí wọ́n ń pè ní Bhim Kali wà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga Prithvi Narayan, ó fẹ̀ tó nǹkan bí mítà 10, wọ́n sì fojú bù ú pé ó wúwo tó 300 tọ́ọ̀nù. Kò sí ẹni tó gbé e síbẹ̀. Àgbàrá òkúta ni ó gbé e wá.

Nítorí pé òkúta ẹfun pọ̀ nínú àwókù yìí, omi a máa yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, a sì máa lu ú níhò. Ní Armala, ní àríwá ìlú, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jìn sínú lójijì ní 2013, ó di kòtò láàárín oko ìrẹsì. Òkè náà kò sì tíì dẹ́kun wíwó. Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, àpáta àti yìnyín tún ya láti ara Annapurna Kẹrin, omíyalé sì gba ojú Seti wá, ó pa ènìyàn tó lé ní 60. Awakọ̀ òfuurufú kékeré kan, tó ń gbé àwọn àlejò fò kiri láti wo òkè, ni ó rí i láti ojú sánmà, ó ké sí àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú lórí rédíò, ìkìlọ̀ náà sì dé ìsàlẹ̀ odò kí omi tó dé. Mo mẹ́nu bà á kí ẹ lè mọ̀ pé ibi tí ẹwà wà níbẹ̀ náà ni ewu wà, àti pé kò bọ́gbọ́n mu láti sọ̀ kalẹ̀ lọ ya àwòrán létí Seti nígbà òjò.

Ìbéèrè: Adágún Phewa náà ńkọ́? Ṣé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ó ti wà níbẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá. Nígbà tí àwókù òkè yẹn kún ojú Seti, ó dí ẹnu odò kékeré tó ń ṣàn wá láti ìwọ̀-oòrùn, omi rẹ̀ kò rí ọ̀nà lọ mọ́, ó sì di adágún. Bẹ́ẹ̀ náà ni Begnas àti Rupa, ní ìlà-oòrùn ìlú, ṣe di adágún. Àwọn adágún mẹ́sàn-án àfonífojì yìí wà lára àwọn ilẹ̀ olómi tí àdéhùn Ramsar ń dáàbò bò láti 2016.

Àwọn ará ibẹ̀ ní ìtàn tiwọn. Wọ́n ní òrìṣà obìnrin kan di alágbe, ó ń tọrọ oúnjẹ láti ilé dé ilé ní ìlú kan tó wà nínú àfonífojì náà, gbogbo ènìyàn sì lé e dànù, àfi tọkọtaya kan tó gbà á sílé. Ó ní kí àwọn wọ̀nyí sá gun orí òkè, omi sì bo ìlú náà mọ́lẹ̀. Tẹ́ńpìlì òrìṣà yìí, Tal Barahi, wà lórí erékùṣù kékeré kan láàárín adágún títí dòní, ọkọ̀ igi aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà ni wọ́n ń gbé olùjọsìn àti àlejò lọ síbẹ̀. Èmi kò ní sọ pé ìtàn yìí ń rántí òkè tó wó. Ṣùgbọ́n ó wú mi lórí pé ìtàn àti ìwádìí fohùn ṣọ̀kan pé adágún náà kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti pé òjijì ni ó dé.

Ẹrẹ̀ tí odò ń kó wọ inú rẹ̀ lọ́dọọdún ti mú kí adágún náà máa kéré sí i. Ewéko olódòdó àlùkò tó ń léfòó lórí omi, irú èyí gan-an tó ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn apẹja lọ́sà Èkó, tún ti gba apá kan rẹ̀, àwọn ará ìlú a sì máa jáde lọ fà á tu. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ewéko náà ti ṣẹ̀ wá, ó sì ti di ìṣòro ní ibi púpọ̀ láyé.

Ìbéèrè: Ibo ni omi tó bá ṣàn jáde nínú adágún náà ń wọlé sí?

Ìdáhùn: Ilẹ̀ ni ó ń gbé e mì. Ní Chhorepatan, ní gúúsù adágún, omi náà já wọ ihò kan, ó sì pòórá. Patale Chhango, òṣọọrọ̀ abẹ́ ilẹ̀, ni wọ́n ń pe ibẹ̀ ní èdè Nepali. Orúkọ tí àwọn àlejò mọ̀ ọ́n sí, Davis Falls, wá láti ara orúkọ obìnrin ará Switzerland kan tí omi gbé lọ níbi tó ti ń wẹ̀ ní 1961. Ẹ rékọjá sí òdìkejì títì, ẹ ó bá ihò àpáta Gupteshwor Mahadev, tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà Shiva. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ ó gba ojú sísán àpáta rí omi kan náà tó ń já bọ̀ láti òkè nínú òkùnkùn. Nígbà òjò, omi a máa pọ̀ débi pé wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn dé ìsàlẹ̀ yẹn. Nínú gbogbo ohun tó wà láti wò ní Pokhara, ibi méjì tó kọjú síra yìí ni mo kà sí èyí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fò dá.

Ìbéèrè: Èé ṣe tí ẹnikẹ́ni kò fi gun Machapuchare, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó ga jù ú lọ ni wọ́n ń gùn?

Ìdáhùn: Òkè mímọ́ ni. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù gbà pé ibùgbé Shiva ni, àwọn ará Gurung tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ náà sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ní 1957, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí Jimmy Roberts kó jọ rí àṣẹ gbà láti gùn ún, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn kò ní fẹsẹ̀ tẹ orí rẹ̀. Wilfrid Noyce àti David Cox gùn ún títí ó fi ku nǹkan bí mítà 45, wọ́n sì yí padà níbẹ̀. Láti ìgbà náà, ìjọba kì í fún ẹnikẹ́ni láṣẹ mọ́. Bẹ́ẹ̀, Annapurna Kìíní, tó ga tó 8,091 mítà, ni òkè àkọ́kọ́ tó lé ní 8,000 mítà tí ènìyàn gùn dé orí, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 1950, nígbà tí Maurice Herzog àti Louis Lachenal, ọmọ ilẹ̀ Faransé, dé ibẹ̀.

Ìtumọ̀ Machapuchare ni “ìrù ẹja”. Àlejò a máa ṣe kàyéfì nítorí pé láti ìlú, orí ṣóńṣó kan ṣoṣo ni ó rí; orí náà jẹ́ méjì, ṣùgbọ́n ìhà ìwọ̀-oòrùn ni ènìyàn gbọ́dọ̀ dé kí ó tó rí i bí ìrù ẹja.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọ́n fi ń jí àlejò láàárọ̀ kùtùkùtù láti lọ wo òkè, bẹ́ẹ̀ wọ́n á ní kí ẹni tó fẹ́ fò dúró di ìgbà tí oòrùn bá mú?

Ìdáhùn: Afẹ́fẹ́ kan náà ni ó ń ṣe méjèèjì. Ní òwúrọ̀, afẹ́fẹ́ àfonífojì tutù, ó sì dúró jẹ́ẹ́, òkè a sì hàn gbangba. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń gun Sarangkot, tó ga tó nǹkan bí 1,600 mítà, kí ojúmọ́ tó mọ́. Bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ń gbé ọ̀rinrin lọ, ọ̀rinrin náà di ìkùukùu, ìkùukùu sì bo òkè lójú. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń gòkè yìí ni ó ń gbé àwọn tó ń fi aṣọ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ fò, eré tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní paragliding. Wọ́n á so àlejò mọ́ iwájú awakọ̀, wọn á sáré díẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Sarangkot, aṣọ náà á gbé wọn, wọn á máa yí po bí àṣá, wọn á sì balẹ̀ létí adágún. Àwọn igún náà ń wá afẹ́fẹ́ gbígbóná yìí, awakọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a sì máa wo ibi tí igún bá ti ń yí kí ó lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ wà.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni ó dára jù láti lọ, kí sì ni ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ fẹsẹ̀ rìn wọ inú òkè mọ̀?

Ìdáhùn: Oṣù Kẹwàá àti Ìkọkànlá ni ojú sánmà mọ́ jù, oṣù Kẹta àti Ìkẹrin náà dára, òdòdó sì pọ̀ lórí òkè nígbà náà. Láti oṣù Kẹfà sí Ìkẹsàn-án, òjò ni. Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà lọ́dọ̀ aṣojú ìjọba Nepal kí ó tó gbéra, nítorí Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ tí wọn kì í fún ní físà ní pápákọ̀ òfuurufú Kathmandu. Àwọn ọmọ wa tó ń lo ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà lè gbà á níbẹ̀.

Ẹni tí kò fẹ́ jìnnà lè fi ọkọ̀ igi sọdá adágún, kí ó sì fẹsẹ̀ gun òkè Anadu lọ síbi ilé àlàáfíà funfun tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà láti Japan kọ́, tí wọ́n ṣí ní 1999. Ẹni tó fẹ́ wọ inú òkè yóò gba ìwé àṣẹ ilẹ̀ ìdáàbòbò Annapurna, ìjọba sì ti kéde láti 2023 pé kí àjèjì má ṣe rìn láìsí afinimọ̀nà tó ní ìwé ẹ̀rí. Poon Hill ga tó 3,210 mítà, ibùdó ìsàlẹ̀ Annapurna sì ga tó 4,130 mítà. Láti nǹkan bí 2,500 mítà lọ sókè, afẹ́fẹ́ tí ara ń mí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, agbára tàbí ọjọ́ orí kò sì gba ènìyàn lọ́wọ́ àìsàn tó ń tẹ̀ lé e. Bí orí fífọ́ bá bá èébì rìn, tí ẹsẹ̀ sì ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, kí onítọ̀hún má ṣe dúró de ilẹ̀ mímọ́. Kí wọ́n mú un sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ lóru.