Àṣà ìdágbére lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Èkìtì

Àṣà ìdágbére lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni àwọn ohun tí nọ́ọ̀sì máa ń ṣe, tàbí tó máa ń fàyè gba ẹbí láti ṣe, fún aláìsàn tí ikú rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀: àdúrà, ìwúre, omi tí wọ́n fi ń tọ́ ọ lẹ́nu, títí dé ìtọ́jú òkú kó tó dé mọ́ṣúárì. Ní 1966, Virginia Henderson, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà, ka ríran èèyàn lọ́wọ́ láti kú ní ìrọ̀rùn mọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gan-an. Ní 1967, Cicely Saunders, tó ti ṣe nọ́ọ̀sì kó tó di dókítà, ṣí St Christopher's Hospice, ilé ìtọ́jú àwọn tí ikú wọn kù sí dẹ̀dẹ̀, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń kọ́ni pé ìrora ẹni tó ń kú lọ kì í ṣe ti ara nìkan.

Ní Èkìtì, bí àgbàlagbà bá ń lọ, àwọn ọmọ a fẹ́ gba ìre lẹ́nu rẹ̀. Níbi yìí ni òfin àkókò ìbẹ̀wò ti sábà máa ń kọlu ìfẹ́ ẹbí, pàápàá ní wọ́ọ̀dù tí ibùsùn pọ̀ sí. Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ a fa aṣọ ìbòjú yí ibùsùn ká, a gbé orí aláìsàn sókè díẹ̀, a fi òwú tútù pa á létè, a sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wọlé. Ó yẹ kí oògùn ìrora ti ṣiṣẹ́ ṣáájú: ẹni tí ara ń ro kò ráyè gbọ́ àdúrà, áḿbọ̀sìbọ́sí kó súre fún ọmọ.

Ìsìn aláìsàn ni wọ́n ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì. Fún ọmọ ìjọ Páàdì, wọ́n a pe fádà kó wá fi òróró yàn án. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà lè béèrè fún Sáàmù tàbí orin ìwé. Fún Mùsùlùmí, wọ́n a kọjú rẹ̀ sí Káábà, ẹni tó sún mọ́ ọn a máa rọra ka Kálímátù-Ṣàhádà, ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí ìgbàgbọ́ Mùsùlùmí, sí i létí. Torí pé wọn kì í fi ìsìnkú Mùsùlùmí falẹ̀, ìwé ikú gbọ́dọ̀ tètè jáde.

Lẹ́yìn tí ẹ̀mí bá bọ́, bí kò bá sí ẹjọ́ tó kan ọlọ́pàá, nọ́ọ̀sì a pa ojú dé, a di àgbọ̀n, a na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kí ara tó gan, a yọ okùn omi ìṣàn (dírípù), a nu ara òkú, a so orúkọ mọ́ ọn, a sì fi aṣọ funfun dì í. Fún òkú Mùsùlùmí, àwọn ìmàle ẹgbẹ́ rẹ̀, ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin, ló ń ṣe ìwẹ̀ ìsìn fúnra rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì kan ṣì máa ń bá òkú sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: “Màmá, a fẹ́ yí yín padà o.” Irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń tu ẹbí nínú gan-an bí wọ́n bá gbọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló fẹ́ kú sílé. Bí ẹbí bá fẹ́ gbé aláìsàn lọ, nọ́ọ̀sì ní láti kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa yí i lórí ibùsùn kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò, bí wọ́n á ṣe máa nu ẹnu rẹ̀, iye oògùn ìrora tí wọ́n á fún un, àti ẹni tí wọ́n á pè lóru bí ìrora bá le sí i.