Ẹ Yé Fi Owó Ra Góòlù Lọ́wọ́ Ọmọ

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òbí mẹ́ta ló gbé ẹjọ́ kan náà wá bá mi: ọmọ àwọn a máa fi bọ́ọ̀lù dárà nígbà ìgbáradì, àmọ́ bó bá ti di ọjọ́ ìdíje, ẹsẹ̀ rẹ̀ a di igi. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣèlérí fún ọmọ. Ọ̀kan ń sanwó lórí góòlù kọ̀ọ̀kan. Èkejì ń fi bàtà tuntun tan ọmọ. Ẹ̀kẹta ní òun kì í ṣèlérí o, ẹ̀gbẹ́ pápá lòun máa ń dúró sí, tí òun á máa pariwo "Gbá a sílé! Gbá a!" títí ohùn òun á fi há. Ariwo lòun fi ń san tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oorun, omi mímu àti nína ara kí eré tó bẹ̀rẹ̀, mi ò ní bá yín sọ ọ́. Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Owó góòlù yìí ló ń dùn mí.

Ní 1973, Mark Lepper, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó fẹ́ràn àwòrán yíyà. Wọ́n ṣèlérí ẹ̀bùn fún àwọn kan bí wọ́n bá yà á. Wọ́n fún àwọn mìíràn ní ẹ̀bùn náà lójijì, lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán. Àwọn tó kù ò gba nǹkan kan. Nígbà tó yá, àwọn tí wọ́n bá dúnàádúrà ṣáájú nìkan ni ọwọ́ wọn fà sẹ́yìn nídìí àwòrán. Ẹ kíyè sí i, àwọn tó gba ẹ̀bùn àìròtẹ́lẹ̀ ò yí padà. Ìdúnàádúrà ló sọ eré di iṣẹ́ alágbàṣe.

Góòlù ò sì sí níkàáwọ́ ọmọ nìkan. Aṣọ́lé lè gbá a dànù, òpó lè dá a padà, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè má fún un ní bọ́ọ̀lù rárá. Ẹ wá so ayọ̀ ilé mọ́ ọn, ẹ tún ń béèrè ibi tí ìpayà ti wá? Bó ṣe wẹ̀yìn wò kó tó gba pásì, bó ṣe sáré padà wá dí àlàfo lẹ́yìn tó pàdánù bọ́ọ̀lù, ìyẹn ni kí ẹ yìn.

Àyà jíjá fúnra rẹ̀ kì í ṣe àrùn; ara ń múra sílẹ̀ ni. Kí ọmọ fa èémí sínú, kó rọra tú u jáde, kó pẹ́ ju bó ṣe fà á lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré tó kó tó gbá pẹ́nárítì. Geir Jordet, onímọ̀ ará Nọ́wè, yẹ pẹ́nárítì àwọn ìdíje ńlá wò, ó rí i pé àwọn tó kù gìrì sí bọ́ọ̀lù gẹ́lẹ́ tí rẹfirí fun fèrè ló ń pàdánù ju àwọn tó fara balẹ̀ díẹ̀ lọ.

Àmọ́ bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní mímí, ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń ta ẹgbà ọwọ́ oríire, tó sì ń rọ ẹlẹ́rìndòdò afúnnilágbára sí wọn lẹ́nu. Kaféènì ló kún inú rẹ̀! Ọkàn tó ti ń sáré, ẹ tún ń na án lẹ́gba. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti sọ láti 2011 pé nǹkan yẹn ò yẹ fún ọmọdé rárá. Mo kọ́ iṣẹ́ bíbá ọmọ eléré borí ìpayà yìí títí irun fi funfun lórí mi, ẹni tó kàn lóhùn gooro ni wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀.

Wọ́n mú ọmọ ọdún 13 kan wá, atamátàsé ni. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ ìdíje ni inú ń run ún. Wọ́n ti fún un lóògùn aràn, wọ́n ti ra ẹgbà ọwọ́. Mo lọ wò ó ní pápá. Ẹ̀yìn ẹni tó ń ṣọ́ ọ ló fara pamọ́ sí látìbẹ̀rẹ̀ dópin, níbi tí pásì ò ti lè dé. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í pé kí ló dé. Ó kọ́kọ́ wo ibi tí bàbá rẹ̀ dúró sí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ fún bàbá mi. Bí bọ́ọ̀lù ò bá kàn mí, èmi kọ́ ni mo pàdánù."

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá gbé ọmọ tí inú ń run wá, bàbá ni mo máa ń kọ́kọ́ ní kó jókòó.