Kí ni títì tó tẹ́jú ṣẹ̀ yín?

Lọ́dọọdún, bí oṣù keje bá ti wọlé tí Tour de France, eré kẹ̀kẹ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta ti ilẹ̀ Faransé, sì bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifísọ̀n, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ ó máa gbọ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), láti ìsọ̀ àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe títí dé ibi tí wọ́n ti ń ta bíà: “Ẹ jẹ́ kí wọ́n dé orí òkè ná, eré kò tíì bẹ̀rẹ̀.” Ọjọ́ tí títì bá tẹ́jú, wọ́n á lọ sùn. Bí ọ̀rọ̀ Tour du Bénin bá tún délẹ̀, orin yẹn náà ni: gúúsù ilẹ̀ wa kò ní òkè, òkè Atakora ní àríwá nìkan ni eré ti lè dùn. Ará Ṣábẹ̀ẹ́ tó bá wà ńbẹ̀ á wá fi àpáta ìlú wọn yangàn, bí ẹni pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi mọ ọ́n.

Pé òkè ń fi agbára ènìyàn hàn, ẹnikẹ́ni kò jiyàn. Ṣùgbọ́n “ta ló lágbára jù” àti “eré dùn” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ rántí Kigali ní oṣù kẹsàn-án 2025, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìdíje àgbáyé eré kẹ̀kẹ́ ojú títì máa wá sí Áfíríkà. Eré àwọn ọkùnrin jẹ́ kìlómítà 267 àti ààbọ̀, òkè tí wọ́n sì gùn lápapọ̀ lé ní 5,000 mítà. Bó bá jẹ́ pé òkè ni adùn, ọjọ́ yẹn ló yẹ kó dùn jù láyé. Tadej Pogačar, ọmọ Slovenia, já jáde nígbà tó ku nǹkan bí 100 kìlómítà. Nígbà tó ku 66, òun nìkan ló kù níwájú, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí dé òpin. Ènìyàn 30 péré ló parí eré náà. Iṣẹ́ akọni ni, a kí i. Àmọ́ ẹni tó bá ní àyà òun ṣì ń já nígbà tó ku 40 kìlómítà, kó jọ̀ọ́ sọ ohun tó ń bẹ̀rù fún wa.

Ìṣirò ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ mú agunkẹ̀kẹ́ kan tó wọn kílò 70, kí kẹ̀kẹ́ àti omi rẹ̀ jẹ́ kílò 8. Lórí òkè tó ń ga sí i ní mítà 8 nínú gbogbo 100, bó bá ń sáré kìlómítà 20 ní wákàtí, yóò ná nǹkan bí 390 wáàtì (wáàtì ni a fi ń wọn agbára). Gbígbé ara rẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ gòkè nìkan gba nǹkan bí 340 nínú rẹ̀. Èyí tó ń ná sórí afẹ́fẹ́ kò ju 30 àti díẹ̀ lọ. Nítorí náà, kò sí ohun púpọ̀ tó ń jèrè bó bá sá pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn. Ẹni tó lágbára á lọ, ẹni tí kò lágbára á já. Ẹgbẹ́ tó ní ọ̀gá tó le jù á to ọmọ ẹ̀yìn mẹ́rin márùn-ún síwájú, wọ́n á sì máa fà á lọ kíkankíkan débi tí kò ní sí ẹni tó lè fò jáde. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò ní 20 bọ́ sí 22 gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí 45 wáàtì lé e, nígbà tó jẹ́ pé ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ tẹ́lẹ̀. Bí ẹgbẹ́ Sky ṣe gbé Bradley Wiggins dé Paris, níbi tí Tour parí sí, ní 2012 nìyẹn, òkè pọ̀ níbẹ̀, oorun náà pọ̀.

Bí ẹ bá tún fi òkè mìíràn kún un, ṣe ni wọ́n á tún máa ṣọ́ ara wọn. Òkè mẹ́rin lóòjọ́ túmọ̀ sí pé mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ìrìn-àjò, torí gbogbo wọn mọ̀ pé ẹni tó bá sáré jù lórí èkejì yóò san án lórí ẹ̀kẹrin.

Ó kan títì tó tẹ́jú. Agunkẹ̀kẹ́ yẹn kan náà, bó bá ń sáré kìlómítà 45 ní wákàtí, yóò ná nǹkan bí 410 wáàtì, afẹ́fẹ́ nìkan sì ni yóò gba nǹkan bí 375. Bó bá sún mọ́ ẹ̀yìn ẹnì kan dáadáa, nǹkan bí ìdá mẹ́ta ohun tí afẹ́fẹ́ ń gbà yẹn á kúrò lọ́rùn rẹ̀. Bó bá wọ inú agbo àwọn agunkẹ̀kẹ́ lọ pátápátá ńkọ́? Ní 2018, Bert Blocken àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Eindhoven ṣe ìwọ̀n agbo oní 121 agunkẹ̀kẹ́, wọ́n rí i pé ní àárín ẹ̀yìn agbo náà, afẹ́fẹ́ tó ń bá ènìyàn jà kò ju ìdá 5 sí 10 nínú 100 èyí tó ń bá ẹni tó dá wà jà lọ. Agbo náà di ilé. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ń sinmi, ẹni tó wà níta, òjò ń pa á. Gbogbo ìjà ọjọ́ títì tó tẹ́jú dá lórí ta ni yóò wà nínú ilé nígbà tí ilẹ̀kùn bá tì.

Bí ilẹ̀kùn náà ṣe ń tì gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, torí náà ẹ jẹ́ ká jókòó tì í díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń bọ̀ láti iwájú, ẹ̀yìn ni ààbò wà, ènìyàn 150 lè tò sẹ́yìn ẹnì kan ṣoṣo. Bó bá ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ká ní láti òsì, ààbò ti kúrò lẹ́yìn nìyẹn, ó ti bọ́ sí apá ọ̀tún. Ẹnì kejì kò ní dúró sẹ́yìn ẹni àkọ́kọ́ mọ́. Yóò bọ́ sí ọ̀tún rẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ẹni yẹn. Ẹnì kẹta yóò ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹnì kejì, wọn yóò sì dà gẹ̀rẹ̀ láti etí títì kan dé èkejì. Éventail ni àwọn Faransé ń pè é, ìyẹn abẹ̀bẹ̀, orúkọ náà sì bá a mu.

Títì kì í ṣe pápá. Bí títì bá fẹ̀ tó mítà 6, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì gba nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà, ènìyàn 10 ni abẹ̀bẹ̀ náà gbà. Ẹnì kọkànlá kò rí àyè mọ́. Ó di ọ̀rọ̀ Àkábà Ìdẹ̀nà ní Kétu àtijọ́: ẹnu ọ̀nà kan ló wà, gbogbo ayé kò sì lè gba ibẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kọkànlá àti gbogbo èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á tò lẹ́yọ lẹ́yọ sí etí kòtò bí ìjàlọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì máa bá afẹ́fẹ́ jà fúnra rẹ̀, lórí iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ etí títì. Ẹgbẹ́ tó bá rorò kò tiẹ̀ ní fi ẹni iwájú wọn sí etí tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Àárín títì ni wọ́n á fi í sí, kí àyè má bàa gbà ju márùn-ún lọ, gbogbo wọn ọmọ ilé kan náà.

Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹnì kan nínú àwọn ti etí kòtò á rẹ̀. Á já ní mítà kan, á di márùn-ún. Kì í ṣe òun nìkan ló já, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló bá a já. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n tètè ṣe abẹ̀bẹ̀ tiwọn sẹ́yìn níbẹ̀. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé kálukú á rò pé òun ṣì lè fò bọ́ sí ti iwájú, àwọn tí ọ̀gá wọn ti wà níwájú á sì kọ̀, wọn ò ní fà. Kí wọ́n tó fohùn ṣọ̀kan, ìṣẹ́jú àáyá 20 ti lọ. Ní kìlómítà 50 ní wákàtí, mítà 278 nìyẹn. Kí wọ́n tó lè lé e bá pẹ̀lú kìlómítà 2 lórí eré àwọn ti iwájú, yóò gbà wọ́n ju ìṣẹ́jú 8 lọ, àwọn ti iwájú náà kò sì ní dúró kí wọ́n máa wò wọ́n.

Afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn dàgẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ló burú jù, torí ó ń ti gbogbo wọn bọ́ sí 55 tàbí 60, kò sì sí ẹni tí agbára rẹ̀ á ṣẹ́ kù láti fi lé ẹlòmíràn bá. Ẹ̀yin tó ń ti Àjàṣẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Pọ́bẹ̀ àti Kétu, ẹ gbọ́ ná: afẹ́fẹ́ òkun tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn gúúsù, irú rẹ̀ gan-an ni lójú títì tó dorí kọ àríwá yẹn. Igi ọ̀pẹ tó wà lọ́nà ni kì í jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàlá Tour 2013 nìyẹn, láti Tours dé Saint-Amand-Montrond, kìlómítà 173, kò sí òkè kan níbẹ̀ tó yẹ ká dárúkọ. Alejandro Valverde ló wà ní ipò kejì nínú Tour lápapọ̀ láàárọ̀. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ ti pín agbo. Bí agbo bá ti pín báyìí tí àlàfo sì kéré, àwọn adájọ́ eré kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ẹgbẹ́ wọ àárín, nítorí náà ìrànwọ́ jìnnà. Ó gba ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn yòókù dúró fà á, àwọn ti iwájú kò dúró. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ló pàdánù. Afẹ́fẹ́ fẹ́, a rí fùrọ̀ adìẹ. Nígbà tó ku nǹkan bí 30 kìlómítà, ẹgbẹ́ Alberto Contador tún fò jáde, Chris Froome tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè ti ẹni tó ń ṣíwájú Tour kò lè tẹ̀ lé wọn, ó sì pàdánù ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 9. Ní Doha ní 2016, nínú aṣálẹ̀ Qatar tó tẹ́ bí ẹní, afẹ́fẹ́ pín ìdíje àgbáyé sí wẹ́wẹ́ nígbà tó ku ju 150 kìlómítà lọ. Marcel Kittel àti André Greipel, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń retí fún eré àsápajúdé, wà lẹ́yìn, wọn kò padà bá wọn mọ́. Peter Sagan ló gbà á.

Ẹ ó wá sọ pé, La Planche des Belles Filles, òkè tí wọ́n gùn nígbà tí Tour 2020 ń parí lọ, ńkọ́? Gbogbo onígbèjà òkè ló máa ń fà á yọ. Òótọ́ ni, Pogačar wọ ọjọ́ náà pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 57 lẹ́yìn Primož Roglič, ó sì jáde pẹ̀lú 59 níwájú. Ṣùgbọ́n kí ló gbé e sẹ́yìn? Ní ọjọ́ keje, lójú ọ̀nà Lavaur, afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ ti gba ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 21 lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ fi gbogbo nǹkan yòókù sílẹ̀ bó ṣe wà: ìṣẹ́jú àáyá 24 ni ì bá fi wà níwájú Roglič kó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni ì bá sunkún níwájú tẹlifísọ̀n lọ́jọ́ náà? Ọjọ́ tó tẹ́jú ló wín ọjọ́ òkè ní adùn rẹ̀, òkè ló wá gba ìyìn.

Kí n má bàa ṣe àṣejù: Froome tí afẹ́fẹ́ nà ní 2013 náà ló gba Tour ọdún yẹn, ó sì fi ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Afẹ́fẹ́ lè dá ọjọ́ kan rú kó má yí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta padà. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ tó tẹ́jú kò tiẹ̀ ní afẹ́fẹ́ rárá; ènìyàn mẹ́rin á sá lọ láàárọ̀, agbo á kó wọn nígbà tó bá ku kìlómítà 10, oorun tẹ́ ẹ sùn kò dùn mí. Bí afẹ́fẹ́ bá sì dojú kọ wọ́n gbọọrọ, ó burú ju òkè lọ, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ jáde. Òkè kékeré tó wà nítòsí òpin náà dára púpọ̀: Poggio, òkè tó wà nítòsí òpin eré Milan–San Remo ní Ítálì, kò ju kìlómítà 3.7 lọ, kò sì ga tó mítà 4 nínú 100 ní ìpíndọ́gba, síbẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí 290 kìlómítà, kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ẹni tó lágbára jù tàbí ẹni tó yára jù ni yóò gbà á. Bóyá ohun tí mo kàn ń sọ ni pé nígbà tí agbára nìkan kò bá tó ni eré máa ń dùn. Òkè lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sábà rí bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ tí kò yẹ kẹ́ ẹ sùn, ẹ wo àsíá àti èéfín etí ọ̀nà, ẹ wo ibi tí títì ti fẹ́ yà kúrò lábẹ́ igi bọ́ sí pápá. Bí ẹgbẹ́ méjì mẹ́ta bá ṣàdédé kó ọmọ wọn síwájú kó tó ku kìlómítà 10 sí ibẹ̀, tí àwọn ọ̀gá sì ń yára jẹun, ẹ fi bíà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kù wà fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n á wo èyí tán tí wọ́n á lọ dán an wò. Ẹ má ṣe abẹ̀bẹ̀ lójú títì Pọ́bẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ń gba gbogbo títì, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ kò mọ̀ pé eré lẹ ń ṣe. Ẹ má sì fi ara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù láti jí afẹ́fẹ́ rẹ̀: ní kìlómítà 40 ní wákàtí, ẹ ń lọ mítà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ tó rí iná bíréèkì rẹ̀, imú ti kan irin. Ní ibi tí kò sí ọkọ̀, ènìyàn mẹ́rin tó. Ẹni tó bá fà tán, kó yà sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, kó má ṣe yà sí òdìkejì, nítorí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹnì kejì ló wà níbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá kan ara wọn, ti iwájú kì í sábà ṣubú. Ti ẹ̀yìn ló máa ń lọ sílẹ̀, ejìká àti egungun ọrùn rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ kan ọ̀dà.