Bí Àmì Ọjà Ṣe Bẹ̀rẹ̀: Láti Ara Àpótí Àbẹ́là Títí Dé Àmàlà Skye

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Skye Bank, tí Polaris Bank sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Wọ́n kun ilé ní ọ̀dà tuntun, wọ́n pààrọ̀ pátákó. Ṣùgbọ́n ní Bódìjà, níbí ní Ìbàdàn, ilé oúnjẹ tó gba orúkọ lára báńkì yẹn nítorí pé ìtòsí rẹ̀ ló wà kò yí orúkọ padà. Àmàlà Skye là ń pè é títí dòní. Bí àlejò bá ti Èkó dé tí ebi ń pa á, orúkọ yẹn ló máa dá fún ọlọ́kadà, ọlọ́kadà ò sì ní bi í léèrè báńkì kankan.

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ yìí gidigidi, torí ó fi orísun orúkọ ọjà hàn kedere. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ṣòwò kéékèèké ló gbà pé ọwọ́ ayàwòrán orí kọ̀ǹpútà ló wà: a ó sanwó, a ó gba lógò, ó parí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnu oníbàárà ni àmì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ ló kù sọ́wọ́ ẹni tó ni ọjà.

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ ọkọ́ á lọ bá alágbẹ̀dẹ nídìí ewìrì, ẹni tó bá fẹ́ aṣọ òkè á lọ bá ahunṣọ nídìí òfì. Bí ọkọ́ bá ṣẹ́, o mọ ilé ẹni tó rọ ọ́. Àwọn tó ń kiri pàápàá, ohùn wọn la fi ń mọ̀ wọ́n. Bí alágbàdo bá ké "Láńgbé jíná o!", ará ilé ò tíì yọjú tó ti mọ ẹni tó ń kọjá. Ìgbà tí ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jìnnà sí ẹni tó ṣe é, tí olùrà ò rí ojú ẹnikẹ́ni mọ́, ni àmì wá di dandan.

Ìtàn iléeṣẹ́ Procter & Gamble ló fi èyí hàn jù lójú tèmi. Ní nǹkan bí ọdún 1851, ọṣẹ àti àbẹ́là ni wọ́n ń ṣe ní ìlú Cincinnati, ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń kó ọjà wọn lọ sí ìlú mìíràn. Àwọn aláàárù èbúté ló bẹ̀rẹ̀ sí í fa àmì sára àpótí àbẹ́là, kí wọ́n lè dá a mọ̀ láàárín ẹrù tó kù. Bí wọ́n ṣe ń fà á, ó di ìràwọ̀ tí òbìrí yí ká. Ọ̀gá kankan ò rán wọn. Nígbà tó yá ni ilé iṣẹ́ náà gba àmì yẹn mọ́ra, wọ́n sọ ọ́ di ìràwọ̀ 13 àti òṣùpá. Lẹ́yìn èyí, wọ́n yọ ọ́ kúrò lára àpótí, wọ́n rò pé kò já mọ́ nǹkan. Ni oníṣòwò kan ní New Orleans bá kọ ẹrù tó dé bá a: ó ní ayédèrú ni, torí kò rí àmì lára rẹ̀. Kíákíá ni wọ́n dá àmì náà padà.

Mo ti rí irú rẹ̀ nítòsí. Ìyá kan ń ta ẹ̀pà inú ìgò ní Agbẹni. Ọ̀rá pupa ló máa ń fi bo ìdérí ìgò, á wá fi rọ́bà dè é pinpin. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé ó ti di ti àtijọ́, wọ́n lọ tẹ bébà aláràbarà fún un ní Mọ́kọ́lá, àwòrán ẹ̀pà àti nọ́ńbà fóònù wà lára rẹ̀, wọ́n sì ra ìdérí funfun. Ó dára lójú lóòótọ́. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọdébìnrin kan gbé ìgò kan, tó yí i síwá yí i sẹ́yìn, tó sì gbé e sílẹ̀.

"Màmá, ẹ̀pà ọlọ́ràá pupa ni wọ́n ní kí n rà."

"Òun náà nìyẹn, ọmọ mi. Bébà ni mo pààrọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ ra òmíràn wálé."

Ó lọ. Ẹ̀pà kan náà ni o, iyọ̀ kan náà, iyanrìn kan náà ni wọ́n fi yan án. Ìyá náà da ọ̀rá pupa padà sórí ìgò, ó jẹ́ kí bébà tuntun wà lára rẹ̀, bó sì ṣe ń tà á nìyẹn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọṣẹ ló jọ ti tiwa jù. Ọṣẹ gbọọrọ ni oníṣọ́ọ̀bù máa ń gé wẹ́wẹ́ fún olùrà, bí àwọn ìyá wa náà ṣe ń fi òwú gé e. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó sè é. Ní 1884 ni William Lever forúkọ Sunlight sílẹ̀. Ó ń gé ọṣẹ ní ìwọ̀n kan, ó ń fi bébà wé e, orúkọ sì wà lára bébà. Ilé iṣẹ́ rẹ̀, Lever Brothers, dé Nàìjíríà ní 1923, òun là ń pè ní Unilever lónìí. Ṣáájú ìyẹn, ní 1875, wọ́n ti ṣòfin ìforúkọsílẹ̀ àmì ọjà ní ìlú wọn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1876, àmì àkọ́kọ́ tó wọ ìwé ni igun mẹ́ta pupa ti ọtí Bass.

Àwọn aláàdìrẹ Yorùbá náà mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Ní 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mápó lórí òkè ní Ìbàdàn. Àwọn obìnrin tó ń fi ẹ̀kọ ya àdìrẹ wo àwọn òpó ńlá rẹ̀, wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ yà á sórí aṣọ, wọ́n fi ṣíbí sí àárín òpó kan sí èkejì, wọ́n rì í sínú aró. Ìbàdàndùn ni wọ́n sọ aṣọ yẹn. Ẹni tí kò dé Ìbàdàn rí lè rí òpó Mápó lára ìró ẹlòmíràn. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti polówó ìlú wa tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n WNTV gbìyànjú nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, tó ń pe ara rẹ̀ ní àkọ́kọ́ ní Áfíríkà.

Ẹnu oníbàárà yìí kan náà lè gba orúkọ mọ́ ọlọ́jà lọ́wọ́. Ẹ lọ sí ìsọ̀ èyíkéyìí, ẹ ó gbọ́: "Ẹ fún mi ní Omo." "Omo wo?" "Omo Ariel." Ọṣẹ ìfọṣọ Unilever ni Omo, ti Procter & Gamble sì ni Ariel. Ní Amẹ́ríkà, bí iléeṣẹ́ Bayer ṣe pàdánù ẹ̀tọ́ lórí orúkọ aspirin, oògùn ẹ̀fọ́rí, ní 1921 nìyẹn, tí iléeṣẹ́ Otis náà pàdánù escalator, àtẹ̀gùn tó ń gbéni lọ sókè, ní 1950: gbogbo ayé ti fi orúkọ náà pe ọjà ẹlòmíràn.

Oníṣòwò kékeré ò tíì dé ibẹ̀. Kí ẹlòmíràn má jí orúkọ rẹ̀ ni kó múra sí, ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wa gbé kọ́ ògiri ò sì tó fún ìyẹn. Orúkọ iléeṣẹ́ ni ìwé yẹn wà fún. Àmì ọjà ní òfin tirẹ̀ láti 1965, ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Àbújá. Ọdún 7 ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fún ni, bí a bá tún un ṣe, ó di ọdún 14. Orúkọ tó kàn ń yin ọjà, bí Ẹ̀pà Dídùn, ṣòro láti gbà wọlé. Nítorí náà, kí ọlọ́jà tó pe ayàwòrán, kó kọ́kọ́ bi àwọn oníbàárà rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ọmọ tí wọ́n bá rán wá sọ́dọ̀ rẹ̀, kó sì gbé ìyẹn lọ sí ọ́fíìsì àmì ọjà.